Ẹni Tó Ń Lé Sáàmù Nílé Tormod

Ohun tó kọ́kọ́ kọ Dolina lóminú lọ́jọ́ tó padà sílé bàbá rẹ̀ ni pé kò ya Effie lẹ́nu láti rí i.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Dolina ti kúrò ní erékùṣù Lewis. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló padà wá láàárín ìgbà yẹn, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò sì sùn ju ọjọ́ kan lọ. Effie, aládùúgbò wọn, ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wáyà pẹ̀lú garawa oúnjẹ adìẹ lọ́wọ́, ó wo Dolina bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tòun ti báàgì rẹ̀.

"Ṣé o jáde ni? Mi ò mọ̀ pé o jáde."

"Glasgow ni mo ti ń bọ̀, Màmá Effie. Èmi ni, Dolina. Ọmọ Tormod."

"Mo mọ̀ ẹ́ kẹ̀. Ṣé mo fọ́jú ni?" Obìnrin àgbà náà sún mọ́ ọgbà, ó wo orí rẹ̀. "Àfi irun rẹ tó ti funfun báyìí. Ohùn rẹ ò funfun rárá."

Ó da oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ, ó wọlé lọ. Dolina rò pé ọjọ́ ogbó ló ń da orí rẹ̀ rú, ó sì wá kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ òkúta tí wọ́n ti máa ń fi í sí láti ìgbà èwe rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú nídìí òfì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń hun aṣọ onírun àgùntàn. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní ìlú Stornoway. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí kò lè sọ̀rọ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ti kú. Dolina nìkan ni ọmọ tó bí, òun ni wọ́n sì pè lórí tẹlifóònù.

Nígbà èwe Dolina, Tormod ló ń lé Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò sí dùùrù níbẹ̀, kò sí ìlù, kò sí orin mìíràn àyàfi Sáàmù. Òun nìkan ni yóò dìde níwájú, yóò lé ìlà kan, gbogbo ìjọ yóò sì gbè é, oníkálùkù pẹ̀lú bó ṣe ń fa ohùn tirẹ̀, títí orin náà yóò fi ru sókè bí òkun tó ń bọ̀ wá sébùúté. Wọn á tún dákẹ́, wọn á dúró dè é kó lé ìlà tó kàn. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Dolina dàgbà sí. Títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kò mọ̀ pé ènìyàn lè wà láyé láìsí Ọlọ́run tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ náà.

Lọ́dún yẹn ni omi gbé Alasdair, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àlùfáà dìde lórí àga ìwàásù, ó ní kò sí ìrètí kankan fún ẹni tí kò tíì yí padà kí omi tó bò ó mọ́lẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo ìjọ mọ ẹni tó ń bá wí. Lẹ́yìn náà, Tormod dìde lé Sáàmù. Dolina la ẹnu kó gbè é, ohùn kò jáde. Ó dìde, ó gba àárín àwọn ìjókòó kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Ọjọ́ kejì ló wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní ìlú Glasgow, ó rí iṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi ẹ̀rọ wò bóyá ó ṣe é mu. Iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí ohun tí ènìyàn bá lè wọ̀n, tó lè dà sínú ìgò, nìkan ló gbà gbọ́ láti ìgbà náà. Àmọ́ kò tún lè kọrin mọ́. Kì í ṣe pé ó búra. Ohùn náà kò kàn wá ni. Bí wọ́n bá ń kọrin ọjọ́ ìbí fún ẹnì kan níbi iṣẹ́, àtẹ́wọ́ lòun máa ń pa.

Tormod kò kọ lẹ́tà sí i rí. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ láti ẹnu ìyá rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tó ti jáde yẹn ni bàbá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, tí kò sì lé Sáàmù mọ́. Dolina kà á sí ìtìjú. Ó gbà pé òun lòun pa orin mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì wà láyà rẹ̀ bí egungun ẹja.

Ọjọ́bọ̀ ló dé. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó fọ aṣọ. Kì í ṣe pé aṣọ náà kò lè dúró di ọ̀la. Ó fẹ́ fọ̀ ọ́ ni. Ó ń sá a sórí okùn nígbà tí àwọn ará abúlé ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ dúdú wọn, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Effie nìkan ló dúró.

"Ìwọ náà mọ̀ pé wọn kì í sá aṣọ lónìí."

"Ọlọ́run tó bá lè bínú sí aṣọ àwọ̀sùn mi, Màmá, á jẹ́ pé kò níṣẹ́ ṣe."

"Ẹnu ẹ yìí!" Effie rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ọjọ́ Ìsinmi ni, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu. "O ò yí padà o. Ó dáa, jẹ́ n máa lọ, kí n má bàa jíhìn tìẹ mọ́ tèmi."

Agogo méjìlá kọjá díẹ̀, Dolina ń gé búrẹ́dì nílé ìdáná. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti àárọ̀ dáwọ́ dúró. Ó rí i lójú fèrèsé pé aṣọ tó wà lórí okùn rọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn adìẹ Effie dákẹ́. Ìgbà náà ni ẹnì kan lé Sáàmù nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ìlà kan ni. Ohùn obìnrin ni, ohùn ọ̀dọ́, ó mọ́ kedere, kò gbọ̀n. Ó fa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn náà dópin, ó sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ba Dolina lẹ́rù ju ohùn lọ. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ ilé tó ṣófo. Ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó ti ṣe tirẹ̀ tán, tó ń dúró de ẹlòmíràn, ni.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé rédíò ni. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà. Nígbà èwe rẹ̀, wọn kì í wọ ibẹ̀ àfi tí àlùfáà bá wá kí wọn. Kò sí rédíò níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, kò tiẹ̀ sí ihò iná lára ògiri. Àga méjì ló wà lẹ́bàá fèrèsé tí wọ́n kọjú síra wọn. Ìrọ̀rí tó wà lórí ọ̀kan ti tẹ̀ sínú bí ìdí Tormod ṣe rí. Èkejì kò ní ìrọ̀rí, àmọ́ igi rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n ń jókòó lé fún ọdún pípẹ́. Dolina fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Oòrùn kò sì sí lápá ibẹ̀.

Ohùn náà tún lé ìlà yẹn. Ibi tí ẹnu ẹni tó jókòó sórí àga yóò wà gan-an ló ti jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí Dolina. Ó dá a mọ̀ báyìí, bí ènìyàn ṣe ń dá ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn. Ohùn òun ni, ohùn ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún.

Ó sáré jáde. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó sá ló dúró sí títí àwọn èèyàn fi ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Nígbà tí Effie dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Dolina ti wà níbẹ̀.

"Màmá Effie, ta ló ń kọrin nílé bàbá mi?"

Effie wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan wà nítòsí. "Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Ìwọ a lé, Tormod a gbè. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń bá wọn lẹ́nu ẹ̀ tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo kọ́kọ́ rò pé ó gba ohùn rẹ sínú ẹ̀rọ ni. Mi ò bi í. Ta ló ń bi Tormod ní nǹkan?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ ni kò ti séni tó ń gbè é mọ́. Àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí. Nígbà míì, ìlà kan ṣoṣo yẹn láá máa lé títí tí mo bá fi lọ da adìẹ wọlé."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Dolina tú ilé náà látòkè délẹ̀. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo àjà, ó tú pákó ilẹ̀ méjì nínú yàrá ẹ̀yìn. Eruku ló rí, pẹ̀lú ìgò òògùn ìyá rẹ̀ kan. Kò lè jókòó lójú kan. Ojoojúmọ́ ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí bàbá rẹ̀, ó sì ń padà wá tú ohun tó ti tú tẹ́lẹ̀. Nílé ìwòsàn, Tormod kàn ń wo òkè ni, bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnì kan wọlé.

"Ó máa ń gbìyànjú àtisọ̀rọ̀ o," Kennina, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, sọ fún un. "Àmọ́ ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni. Lọ́wọ́ ọ̀sán. Èmi àtàwọn tó kù ti ṣàkíyèsí ẹ̀."

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà nígbà tí agogo méjìlá lù. Ọkọ̀ takisí ló háyà dé ibẹ̀, torí bọ́ọ̀sì kì í rìn lọ́jọ́ náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó yí orí díẹ̀ sápá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí abúlé wọn wà ní máìlì mẹ́rìndínlógún, ó tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ ń là, ó ń padé, láìsí ohùn. Ó ń gbè.

"Pápá," Dolina pè é. "Ta ni? Ta lẹ̀ ń dá lóhùn?"

Tormod yí ojú sí i. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó tún wo apá ibi tó ti ń gbọ́ ohùn, ó tún wò ó. Ó na ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà, bóyá irun àgùntàn gidi ni. Omi dà lójú kan ṣoṣo. Ìgbà náà ló jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì yí padà sí apá ibi tí ohùn wà.

Ó kú láàárọ̀ Ọjọ́rú.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Ẹtì, ní ibojì tó wà létí òkun. Àwọn ọkùnrin abúlé ń gba pósí náà lọ́wọ́ ara wọn lójú ọ̀nà, lọ́wọ̀ọ̀wọ́, láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti mu tíì tán tí wọ́n ti lọ, Murdo nìkan ló kù. Alàgbà ìjọ ni, ọ̀rẹ́ Tormod láti kékeré. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lórí orúnkún.

"Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n," ló wí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá Murdo. Èmi ni mo dójú tì í."

"Ojú tì í? Ta ló sọ fún ẹ pé ojú tì í?" Murdo dá fìlà dúró. "Nígbà tí o jáde, tí ilẹ̀kùn padé, bàbá rẹ lé ìlà tó kàn, a sì gbè é. Ohùn rẹ wà nínú ẹ̀."

"Mo ti wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn."

"Mo mọ̀. Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí. Mò ń rí ẹ lójú ọ̀nà, mo sì ń gbọ́ ẹ lórí ìjókòó."

Dolina gbé ife tíì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Gbogbo ìjọ ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu títí dòní. A túká, ohùn yẹn ò túká. Mo dúró sẹ́yìn. Mo rí Tormod tó lọ bá ìjókòó yẹn, ó ní, 'Dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé.' Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ kọjá. Kò lé Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ náà, torí tó bá ti lé e, ohùn yẹn náà á wá."

"Kí ló dé tí kò kọ̀wé sí mi? Lẹ́ẹ̀kan péré?"

"Èmi náà bi í. Ó ní òun ò mọ èwo lọmọ òun nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ó ní èyí tó wà nílé ò tíì fi òun sílẹ̀ rí."

Dolina yíjú sí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ gbà pé ó jẹ́?"

"Nínú ẹ̀sìn tí wọ́n fi tọ́ wa, ọmọ mi, kò sí àyè fún irú ẹ̀. Òkú ń sùn, alààyè ń gbàdúrà, kò sí ẹnì kẹta." Murdo dìde, ó dé fìlà. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Má gbè é o. Tormod rò pé ẹ̀ẹ̀kan lòun máa gbè é."

Dolina pinnu pé ọjọ́ Ajé lòun máa lọ. Ó di báàgì rẹ̀, ó fi kóòtù òtútù rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó lè lọ jókòó sétí òkun títí ọ̀sán yóò fi kọjá, ó sì jáde lóòótọ́. Ó rìn dé ibi tí ọ̀nà ti pẹ̀ka, ó padà. Ó tún jáde, ó tún padà. Ohun tó ń fà á kì í ṣe ìgbàgbọ́. Àánú ni, tàbí ìlara. Ọmọbìnrin kan wà nínú yàrá yẹn tí Ọlọ́run kò tíì kú mọ́ lọ́wọ́, tí bàbá rẹ̀ fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bá kọrin. Òun tó lọ, kí ló rí mú lọ? Ìgò omi.

Nígbà tí agogo méjìlá kọjá, orí ìrọ̀rí Tormod ló jókòó sí.

Ohùn náà lé ìlà rẹ̀ níwájú rẹ̀. Sáàmù ọjọ́ tó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni, èyí tí kò lè gbè. Ó dákẹ́, ó ń retí. Dolina sún síwájú lórí ìrọ̀rí. Ó la ẹnu, ó sì gbè é.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde há bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ohùn kejì kò bínú. Ó lé ìlà tó kàn, Dolina gbè é, ó tún lé òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ìlà karùn-ún, ọ̀fun rẹ̀ ti là. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹjọ, ó ń sunkún, kò sì mọ ohùn tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́ nínú méjèèjì. Ara rẹ̀ tó ti ń ta gìrì láti ọjọ́ tó dé rọ̀ wọ̀ọ̀.

Sáàmù parí. Àga tó wà níwájú rẹ̀ dún, bí ìgbà tí ènìyàn dìde kúrò lórí rẹ̀.

Ìró ẹsẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ó gbọ́ tí wọ́n mú kóòtù lórí ìṣó. Ó gbọ́ tí wọ́n gbé báàgì. Ó fẹ́ dìde, àmọ́ kò rí ẹsẹ̀ tí yóò fi dìde. Ó wo ibi tí orúnkún rẹ̀ yẹ kó wà, ìrọ̀rí nìkan ló rí. Ilẹ̀kùn ìta ṣí, ó padé. Lójú fèrèsé, ó rí obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà nínú kóòtù òun, pẹ̀lú irun funfun òun, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta gẹ́gẹ́ bí òun.

Effie ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ni wọ́n ti pàdé.

"Ṣé o ti ń lọ nìyẹn? Bọ́ọ̀sì ò sí lónìí o."

"Ọ̀la ni màá wọ bọ́ọ̀sì, Màmá. Mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Murdo, ká jọ lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́."

"Ìwọ? Ìsìn?" Effie gbá a lọ́wọ́ mú, inú rẹ̀ dùn débi pé ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Áà, kí Tormod wà láyé kó rí èyí!"

Nínú yàrá, Dolina fi gbogbo agbára kígbe. "Màmá Effie! Èmi rèé! Èmi ni mo wà níbí!" Ohun tó rò pé òun sọ nìyẹn. Ohun tó jáde ni ìlà àkọ́kọ́ nínú Sáàmù, ó mọ́ kedere, kò gbọ̀n.

Effie gbé ojú sókè sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ó wo ẹnu ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, tó wà ní pípadé. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló wà nínú ilé yẹn?" ló béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ má dá a lóhùn, Màmá," obìnrin náà sọ. Ó kó apá rẹ̀ sábẹ́ apá Effie pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yí i kúrò níbẹ̀. "Kò gba ohun tó ń kọ lórin gbọ́. Ó kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu ni."

Dolina gbọ́ ìró bàtà wọn lórí òkúta títí wọ́n fi kọjá ibi tí ọ̀nà ti pẹ̀ka. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ẹnu rẹ̀ là láìjẹ́ pé òun ló là á, ó lé ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dúró de ẹni tí yóò gbè é.